Fọ́tò ojúmọ́ lórí adágún Derwentwater nígbà òtútù: àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi mí, àti ìdáhùn wọn

Manchester ni mò ń gbé. Láti ìgbà tí mo ti ń fi fọ́tò adágún Derwentwater ránṣẹ́ sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp ni ìbéèrè ti ń rọ́ wọlé. Àwọn kan fẹ́ mọ ọ̀nà, àwọn kan fẹ́ mọ irú kámẹ́rà tí mò ń lò. Àwọn mìíràn ti lọ fúnra wọn, òtútù sì gbá wọn dáadáa láìrí fọ́tò kan tó tẹ́ wọn lọ́rùn yà. Torí àwọn tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Ó máa ń dùn mí tí èèyàn bá jí ní aago mẹ́rin ìdájí, tó wakọ̀ fún wákàtí méjì nínú òkùnkùn, tó wá pàdánù ohun tó torí rẹ̀ jáde nílé nítorí ohun kékeré tí ẹnì kan ì bá ti sọ fún un.

Níbo gan-an ni Derwentwater wà, báwo ni mo ṣe lè débẹ̀?

Ó wà ní Cumbria, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn England, láàrin àwọn òkè àti adágún tí wọ́n ń pè ní Lake District. Wọ́n sọ agbègbè náà di National Park ní 1951, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2017. Adágún náà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 5. Ìlú Keswick wà ní ìkángun rẹ̀ lápá àríwá, àfonífojì Borrowdale wà lápá gúúsù. Òkè Skiddaw (mítà 931) ló dúró lẹ́yìn Keswick, Catbells (mítà 451) wà ní apá ìwọ̀-oòrùn adágún, Walla Crag (mítà 379) sì wà ní apá ìlà-oòrùn. Ẹ fi orúkọ òkè mẹ́ta yìí sọ́kàn, torí orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí máa dá lé.

Láti Manchester, ẹ gba M6 dé Junction 40 ní Penrith, kí ẹ wá yà sí A66 títí dé Keswick. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni, tí kò bá sí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ọkọ̀ ojú irin ń dé Penrith, bọ́ọ̀sì sì wà láti ibẹ̀ lọ sí Keswick, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa wọ bọ́ọ̀sì, kó lọ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó sun Keswick mọ́jú.

Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà òtútù? Ṣé kò dáa nígbà tí ara bá yá gágá?

Ó dáa nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹfà, oòrùn ti yọ kí aago márùn-ún ìdájí tó lù. Nínú oṣù kejìlá, nǹkan bíi 8:30 ló ń yọ. Ìyẹn nìkan tó ìdí fún ẹni tó ní ọmọ nílé.

Ìdí kejì ni pé oòrùn ìgbà òtútù kì í gòkè lọ títí. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejìlá, ọ̀sán gangan, kò ga ju ìwọ̀n dígírì 12 lọ sókè ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, gbogbo kòtò àti gegele ara òkè sì ń hàn ketekete. Yàtọ̀ sí èyí, afẹ́fẹ́ máa ń mọ́ gaara lẹ́yìn òru tútù, yìnyín máa ń wà lórí Skiddaw, ewé fern tó ti gbẹ sì máa ń sọ ìdí òkè di àwọ̀ ilẹ̀ pupa tí ẹ ò lè rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí ewé náà ṣì máa ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà yẹn.

Aago mélòó ni kí n débẹ̀?

Tí oòrùn bá máa yọ ní 8:30, kí ẹsẹ̀ yín ti wà létí omi ní 7:15. Mo mọ̀ pé ó máa ń jọ àsọdùn létí ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé, torí nílé, ojúmọ́ kì í fi àkókò ṣòfò. L'Èkó, oòrùn máa ń yọ gba òkè lọ tààrà, àti ìgbà tí ojú ẹni bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìlà ọwọ́ ẹni sí ìgbà tí oòrùn bá yọ, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ. Ní Keswick, oòrùn ń bọ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ́, bí ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ gun àkàsọ̀. Nínú oṣù kejìlá, àkókò kan náà yẹn ń gbà tó ìṣẹ́jú 45. Kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, ìmọ́lẹ̀ kan wà tó dúdú bí aró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ aṣọ nínú rẹ̀. Kámẹ́rà ń rí i ju ojú lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ gba èyí gbọ́ ju gbogbo ohun tí mo kọ síbí lọ: èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́tò tó dáa ní Derwentwater ti wáyé kí oòrùn tó yọ. Ẹni tó bá dé ní 8:25, ìparí ló bá.

Mo dúró títí, oòrùn ò yọ níwájú mi. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù nìyí, èmi náà sì ti bi ara mi rí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo gbé tripod (ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé) kalẹ̀ ní Friar's Crag, àpáta kan létí adágún, mo kọjú sí ìlà-oòrùn, mo sì ń dúró. 8:30 kọjá. 8:45 kọjá. Òkè dúdú kan ṣoṣo ni mò ń wò, pẹ̀lú ọ̀run funfun lókè rẹ̀. Bàbá àgbà kan ń kọjá lọ pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ó kí mi, ó wo ibi tí kámẹ́rà mi kọjú sí, ó wá na ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn mi. Mo yíjú. Gbogbo orí Catbells ti pọ́n bí osùn, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú omi.

Bó ṣe rí nìyí. Láàrin ìgbà òtútù, oòrùn Keswick kì í yọ ní ìlà-oòrùn gangan. Apá gúúsù ìlà-oòrùn ló ti ń yọ, ní nǹkan bí ìwọ̀n dígírì 133 lórí kọ́ńpáàsì. Walla Crag àti àwọn òkè ẹ̀yìn rẹ̀ ló dí i níbẹ̀. Ẹni tó bá dúró ní Friar's Crag lè wà nínú òjìji òkè fún ohun tó ju wákàtí kan lọ lẹ́yìn tí ìwé bá sọ pé oòrùn ti yọ. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń gba orí òkè yẹn kọjá lọ sí òdìkejì. Skiddaw ló kọ́kọ́ ń bà torí òun ló ga jù. Lẹ́yìn náà ló ń ba ṣóńṣó orí Catbells, tó wá ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀, bí ẹni ń ká aṣọ kúrò lórí ẹni tó sùn.

Nítorí náà, ẹ kẹ̀yìn sí oòrùn. Ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn.

Ohun mìíràn tún wà lápá ibẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó kan òkè. Tí ọ̀run bá mọ́, ẹ wo òkè Catbells ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ṣáájú àkókò ìyọ oòrùn. Ẹ ó rí ìlà búlúù tó ṣú nísàlẹ̀ ọ̀run, ẹ ó sì rí ìlà mìíràn tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú lórí rẹ̀. Ìlà búlúù yẹn, òjìji ayé fúnra rẹ̀ ni, tó nà sórí afẹ́fẹ́. Bí oòrùn ṣe ń gòkè ló ń rì lọ sílẹ̀. Ó ti di ọdún mélòó kan tí mo ti ń lọ síbẹ̀, mi ò tíì rí i kó sú mi.

Ibo ni kí n dúró sí?

Ibi mẹ́ta ni mo máa ń yàn fún ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, torí pé kò séyìí tó gba pé kí èèyàn gun òkè lókùnkùn.

Friar's Crag ni àkọ́kọ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí kan wà létí Theatre by the Lake, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀, kò tó ogún ìṣẹ́jú. Àpáta ni, ó yọ sínú omi, igi páìnì wà lórí rẹ̀. Láti ibẹ̀ ẹ ó rí gbogbo adágún títí dé ẹnu Borrowdale, pẹ̀lú àwọn erékùṣù rẹ̀. Òkúta ìrántí John Ruskin, òǹkọ̀wé ilẹ̀ England, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1900 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Crow Park ni ìkejì, pápá oko ni, ó sún mọ́ ìlú, ó tẹ́jú, ó dáa fún ẹni tó bá kó ọmọdé tàbí àgbà dání. Catbells ló dojú kọ yín láti ibẹ̀.

Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù: Ashness Jetty, ní etí omi lápá ìlà-oòrùn, lójú ọ̀nà Borrowdale. Èbúté onípákó ni, ó tẹ̀ wọnú omi. Tí ìrì bá dì lórí pákó náà, kò sí ẹni tó tíì tẹ̀ ẹ́, ìlà funfun gígùn yẹn á mú ojú lọ tààrà sínú adágún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdùnnú mú yín sáré tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ẹsẹ̀ bàtà ara mi ni mo bá nínú gbogbo fọ́tò ọjọ́ náà. Pákó yẹn sì ń yọ̀ bí ilá.

Ṣé mo gbọ́dọ̀ ra kámẹ́rà olówó ńlá?

Rárá. Tí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo, tripod ni kí ẹ rà. Ìmọ́lẹ̀ ìdájí kéré débi pé shutter (ilẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé) lè ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tàbí mẹ́wàá, kò sì sí ọwọ́ ẹ̀dá tó lè dúró jẹ́ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àgàgà ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Kámẹ́rà àlòkù lórí tripod tó dúró gírí á ya fọ́tò tó dáa ju kámẹ́rà tuntun tí wọ́n fi ọwọ́ mú lọ.

Fóònù náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbé e sórí tripod kékeré, ẹ lo night mode, ẹ fi tímà sí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí ìfọwọ́kàn yín má mì ín. Ẹ fi ìka tẹ ibi tí ọ̀run ti mọ́lẹ̀ jù, ẹ di ìka náà mú títí á fi tì í, lẹ́yìn náà kí ẹ fà á sílẹ̀ díẹ̀ kó ṣókùnkùn. Fóònù máa ń fẹ́ sọ ìdájí di ọ̀sán, ẹ̀yin lẹ ó kọ̀ fún un.

Báwo ni mo ṣe máa to kámẹ́rà?

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Irú fáìlì tí kámẹ́rà máa tọ́jú fọ́tò sí: RAW, kì í ṣe JPEG nìkan, torí RAW ń tọ́jú àwọ̀ àti òkùnkùn tí ẹ ó nílò tẹ́ ẹ bá délé. ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí), 100. Ojú lens (ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé; bí nọ́ńbà f bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò náà ń kéré sí i), f/8 sí f/11. Tí ẹ bá dín ojú lens kù jù, bíi f/22, fọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bàìbàì. Shutter, ẹ jẹ́ kó gba iye àkókò tó bá fẹ́, tripod wà níbẹ̀. Tímà ìṣẹ́jú àáyá méjì.

White balance (ibi tí kámẹ́rà ti ń pinnu bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe máa rí), ẹ fi sí Daylight, kí ẹ má fi sí Auto. Auto á rí búlúù ìdájí, á rò pé àṣìṣe ni, á sì fọ̀ ọ́ dànù. Búlúù yẹn gan-an la torí ẹ̀ jí.

Fókọ́ọ̀sì ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú jù nínú òkùnkùn. Ẹ pa autofocus. Tí òkúta tàbí ewéko tó dì bá wà níwájú yín tí ẹ fẹ́ kó hàn kedere pẹ̀lú òkè tó wà lọ́nà jíjìn, ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí ohun kan tó wà ní nǹkan bíi mítà 1.8 sí yín. Lórí kámẹ́rà full-frame (èyí tí ojú tó ń gba àwòrán nínú rẹ̀ tóbi bíi ti fíìmù àtijọ́) tó ní lens 24 mm, lens tó ń rí ibi gbígbòòrò, ní f/11, ohun gbogbo láti bíi mítà kan títí dé orí òkè á mọ́ kedere. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí òkúta náà, ẹ sún àwòrán rẹ̀ mọ́ra lójú kámẹ́rà, ẹ yí lens títí á fi mú bí abẹ. Kí ẹ wá pa tọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀run funfun báláú, adágún dúdú kirikiri. Kí ló fà á?

Kámẹ́rà ò lè gba ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ àti òkùnkùn tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ojú ṣe ń ṣe. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè lo graduated filter, gíláàsì tó dúdú lókè tó mọ́ nísàlẹ̀, kí apá dúdú rẹ̀ bo ọ̀run. Tàbí kí ẹ ya mẹ́ta láìmi tripod: ọ̀kan fún ọ̀run, ọ̀kan fún àárín, ọ̀kan fún omi, kí ẹ wá pa wọ́n pọ̀ nílé. Ọ̀nà kejì ni mo máa ń gbà báyìí, torí filter máa ń dúdú bo orí òkè pẹ̀lú, òkè kò sì jẹ̀bi ohunkóhun.

Tó bá jẹ́ ìwọ̀-oòrùn lẹ kọjú sí bí mo ṣe sọ, wàhálà yìí á dín kù gan-an, torí ìmọ́lẹ̀ ọ̀run ibẹ̀ kò le.

Ẹ ṣọ́ra fún polarizer, gíláàsì tí wọ́n ń fi síwájú lens láti dín dídán ojú omi kù. Tí ẹ bá yí i dé àyè kan, á nu òjìji òkè kúrò lójú omi, ẹ ó sì máa rò pé afẹ́fẹ́ ló bà á jẹ́.

Yìnyín funfun ni mo rí, kí ló dé tó fi jẹ́ pé eérú ló jáde nínú fọ́tò?

Bí wọ́n ṣe kọ́ kámẹ́rà ni pé kó máa rò pé gbogbo ayé, tí a bá rò ó pọ̀, kò funfun, kò dúdú. Tí funfun bá kún ojú rẹ̀, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì fà á wálẹ̀. Ẹ fi exposure compensation (ibi tí ẹ ti ń sọ fún kámẹ́rà pé kó fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò) kún un, láti +1 dé +1.7, kí ẹ máa wo histogram (àwòrán tó ń fi ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ hàn, òkùnkùn lọ́wọ́ òsì, funfun lọ́wọ́ ọ̀tún) kó má bàa kọlu ògiri ọwọ́ ọ̀tún. Tí yìnyín inú òjìji bá búlúù, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀run ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ọ̀run sì búlúù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ọjọ́ tí kùrukùru máa wà lórí omi?

Ẹ wá ọjọ́ tí òru rẹ̀ bá mọ́, tí kò sí àwọsánmà, tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́. Ilẹ̀ á tutù kíákíá, afẹ́fẹ́ tútù á sì ṣàn sọ̀ kalẹ̀ lára òkè bí omi, á kó jọ sínú àfonífojì. Omi adágún kì í tètè tutù bí afẹ́fẹ́. Tí afẹ́fẹ́ bá ti wá tutù jù ú lọ gan-an, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín, gẹ́gẹ́ bí ògì gbígbóná ṣe ń yọ èéfín lárọ̀ ọyẹ́. Èéfín yẹn máa ń nípọn jù ní ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́ bọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù ló wọ́pọ̀ jù, nígbà tí omi ṣì ní ooru díẹ̀ nínú.

Fún òjìji tó dúró bíi dígí, afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju kìlómítà 8 ní wákàtí kan lọ. Mo máa ń wo Met Office, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ti UK, mo sì máa ń wo MWIS (Mountain Weather Information Service) tó wà fún òkè nìkan. Weatherline ti Lake District náà dáa gan-an: nígbà òtútù, wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó ń gun Helvellyn (mítà 950) lójoojúmọ́ láti sọ bí orí òkè ṣe rí.

Tí òjò bá wá rọ̀ ńkọ́?

Ó ṣeé ṣe kó rọ̀. Seathwaite, abúlé kan ní Borrowdale, lòjò ń rọ̀ sí jù nínú gbogbo ibi tí èèyàn ń gbé ní England, nǹkan bíi mìlímítà 3,500 lọ́dún. Òjò Èkó kò sún mọ́ ọn. Ẹ má ṣe padà sílé torí ẹ̀. Ẹ ya igi kan, erékùṣù kan nínú kùrukùru, tàbí òkúta tó ń dán nínú omi. Tí àwọsánmà bá ya díẹ̀ lẹ́yìn òjò, ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ibẹ̀ wọlé lè dáa ju ti ọjọ́ tí ọ̀run mọ́ lọ.

Ṣé mo lè mú ẹbí mi wọ aṣọ òkè lọ yà síbẹ̀?

Inú mi dùn pé ẹ béèrè. Mo ti ya àbúrò mi obìnrin níbẹ̀, ó wọ ìró àti bùbá àlàárì, ó wé gèlè. Àlàárì pupa yẹn lórí yìnyín, kò sí àwọ̀ kankan nínú igbó ibẹ̀ tó lè bá a díje. Sányán náà dára lọ́nà tirẹ̀, torí ó ń bá àwọ̀ fern gbígbẹ ìdí òkè mu, ṣùgbọ́n etí omi tí yìnyín kò sí ni mo máa gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí ẹni náà kọjú sí ìlà-oòrùn, sí ọ̀run tó ń mọ́ bọ̀, kí ẹ̀yin kẹ̀yìn síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á dà sí i lójú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Catbells á sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Awọ ara dúdú máa ń gba ìmọ́lẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ lọ́nà tó wu ojú, àmọ́ yìnyín máa ń tan kámẹ́rà jẹ débi pé ojú èèyàn á ṣú. Ẹ fi spot metering (èyí tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà wọn ìmọ́lẹ̀ ibi kékeré kan péré) sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Tí yìnyín ẹ̀yìn bá funfun ju bó ṣe yẹ lọ díẹ̀, kò burú, ojú èèyàn ló ṣe pàtàkì. Ẹ má lo flash.

Kó wọ kóòtù nípọn títí ẹ ó fi múra tán, kó bọ́ ọ fún ìṣẹ́jú kan péré, kó tún wọ̀ ọ́ padà. Ìbọ̀sẹ̀ olówùú méjì lábẹ́ ìró, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Kí ni mo máa wọ̀, kí ni mo máa kó dání?

Dídúró sójú kan ló ń jẹ́ kí òtútù pani, kì í ṣe rírìn. Aṣọ pẹlẹbẹ mẹ́ta lórí ara sàn ju kóòtù kan tó nípọn lọ. Fìlà tó bo etí. Ìbọ̀wọ́ méjì, tín-ín-rín nínú, nípọn lóde, kí ẹ lè bọ́ ti òde tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ kámẹ́rà. Bàtà tí omi ò lè wọ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbá ilẹ̀ mú. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mórí, pẹ̀lú bátìrì mìíràn. Fèrè. Tíì gbígbóná nínú fúláàsì. Mo máa ń fi dòdò gbígbẹ sápò pẹ̀lú.

Bátìrì mi kú lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú.

Kò kú. Òtútù ló dì í lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú bátìrì lithium máa ń falẹ̀ tí ara rẹ̀ bá tutù. Ẹ mú méjì dání, kí ẹ fi ọ̀kan sí àpò inú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà. Tí èyí tó wà nínú kámẹ́rà bá sọ pé òun ti tán, ẹ pààrọ̀ wọn. Tí ara rẹ̀ bá móoru tán, ẹ ó rí i pé ó ṣì lágbára.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà wọ mọ́tò tàbí ilé tó gbóná, ẹ kọ́kọ́ fi kámẹ́rà sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ dè é pinpin, ẹ má ṣí i fún wákàtí kan sí méjì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná á di omi sára lens àti sínú rẹ̀, bí omi ṣe ń ṣẹ̀ sára ìgò mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì. Ẹ yọ memory card kí ẹ tó dè é, torí mo mọ̀ pé ojú á ti máa kán yín.

Etí omi ti dì. Ṣé mo lè dúró lé e?

Ẹ má ṣe é. Kò sí fọ́tò tó tó bẹ́ẹ̀. Yìnyín etí omi lè nípọn níbi kan kó fẹ́lẹ́ bí awọ ẹyin ní ẹsẹ̀ bàtà méjì síwájú, ojú kò sì lè mọ̀ ọ́n. Omi tó tutù bẹ́ẹ̀ máa ń gba èémí lẹ́nu èèyàn lójijì, kódà ẹni tó mọ̀wẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá jábọ́, kó fẹ̀yìn léfòó, kó gbójú sókè, kó má jà títí èémí á fi padà, kó tó máa wá ọ̀nà jáde. Ẹni tó wà lókè kò gbọ́dọ̀ bẹ́ tẹ̀ lé e.

Nọ́ńbà ìpè ni 999. Ẹ béèrè fún police, kí ẹ wá sọ fún wọn pé mountain rescue lẹ fẹ́. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fi ara wọn sílẹ̀ ni, wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n gbà là. Tí fóònù ò bá lọ, ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹfà láàrin ìṣẹ́jú kan, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún fọn ọ́n. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa padà fún ẹnì kan.

Drone ńkọ́?

Apá tó pọ̀ nínú etí adágún náà, National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilẹ̀ àti ilé àjogúnbá, ló ni ín, wọn kì í sì gbà kí èèyàn kàn fò drone lórí ilẹ̀ wọn. Ẹ fi sílẹ̀ sílé.

Ṣé àwọn tó ya ibẹ̀ látijọ́ wà?

Wọ́n wà, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa wọn. George àti Ashley Abraham, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọmọ Keswick. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń gbé kámẹ́rà onígíláàsì ńlá gun àwọn òkè yìí, pẹ̀lú okùn àti bàtà onííṣó. Gíláàsì ni wọ́n ń ya àwòrán sí, ìkọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwúwo tirẹ̀. Ilé tí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò wọn wà ní Lake Road ṣì wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù George Fisher tó ń ta bàtà àti aṣọ tí wọ́n fi ń gun òkè ló wà níbẹ̀ báyìí. Tí ìka mi bá ti ń dì, tí mo fẹ́ ká ẹrù mi, mo máa ń ronú nípa ẹni tó gbé gíláàsì dání gun àpáta nínú òtútù kan náà, tí kò sì ní mọ̀ bóyá àwòrán náà jáde àfi tó bá délé.

Báwo ni kí n ṣe tún fọ́tò ṣe tó lórí kọ̀ǹpútà?

Ẹ tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí ibi tó ṣókùnkùn, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ọ̀run kù díẹ̀, ẹ to ìlà etí omi kó tẹ́jú. Ohun kan ló máa ń dà mí láàmú nínú fọ́tò àwọn ẹlòmíràn: òjìji òkè nínú omi tó mọ́lẹ̀ ju òkè fúnra rẹ̀ lọ. Omi kì í dá gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á padà, díẹ̀ ń wọ inú rẹ̀ lọ, nítorí náà òjìji gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn ju ohun tó ni ín lọ díẹ̀. Kódà ẹni tí kò lè sọ ohun tó fà á, ojú rẹ̀ á mọ̀ pé nǹkan kan wà.

Ìgbà wo ni kí n tó máa lọ?

Àwọn èèyàn máa ń ká tripod wọn ní kété tí orí Catbells bá ti kúrò ní pupa tó di ìyeyè. Ẹ dúró. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣì ń sọ̀ bọ̀. Á dé igbó Brandelhow ní ìdí òkè, lódìkejì omi, á kan omi níbẹ̀, òjìji Walla Crag á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn lórí adágún, láti òdìkejì bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín. St Herbert's Island wà láàrin omi. Tí ìmọ́lẹ̀ bá dé ara àwọn igi rẹ̀, tí gbogbo ohun tó yí i ká ṣì wà nínú òjìji, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré lẹ ní. Ẹ ti fi lens tó gùn sórí kámẹ́rà ṣáájú, ẹ ti tọ́ka rẹ̀ sí erékùṣù náà, ẹ sì ti bọ́ ìbọ̀wọ́ òde.